Àmì tí Ọkọ Mi Kàn Mọ́ Àpótí

Títí di òní, bí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mi bá ra fóònù tàbí rédíò tuntun wọlé, mo máa ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, màá yí i padà, màá wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bébà kékeré tàbí irin pẹlẹbẹ tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ọn ni mò ń wá. Bí mo bá rí i, ọkàn mi kì í balẹ̀. Bí n kò bá sì rí i, ọkàn mi kì í balẹ̀. Àwọn ọmọ a máa fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní, "Màmá, kí lẹ ń kà níbẹ̀? Ẹ ò kúkú gbọ́ èdè Ṣáínà." Mo máa ń dá wọn lóhùn pé mò ń wò ó bóyá inú awọ tirẹ̀ ni ó wà. Wọn kò mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹnu mi kò gbà á láti sọ ọ́ fún wọn rí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́.

N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Àwọn kan ti kú. Àwọn mìíràn ṣì wà láàyè, ọmọ wọn àti ọmọ tèmi sì jọ ń ná ọjà kan náà.

Ìgbà Rẹfolúsíọ̀n ni, nígbà tí àwọn sójà ń ṣèjọba ilẹ̀ wa. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí àwọn ọmọ ogun àjèjì fi ọkọ̀ òfuurufú balẹ̀ sí Kútọnu, ìlú tí ìjọba wà, láàárọ̀ kan tí wọ́n sì ń yìnbọn láàárín ìgboro. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rù ti wọ gbogbo ilẹ̀, títí dé ọ̀dọ̀ wa láàárín àwọn òkè Ìdáàṣà níbí, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò tíì rí Kútọnu rí. Rédíò ń sọ pé kí kálukú ṣọ́ aládùúgbò rẹ̀. Ní ọ́fíìsì ìjọba, kò sí ọ̀gá mọ́, kò sí bàbá, kámáráàdì ni gbogbo wa.

Ọkọ mi ń tún rédíò ṣe nínú ọjà. Àjàṣẹ́ ló ti kọ́ iṣẹ́ náà. Ìsọ̀ rẹ̀ kò ju páànù tí a fi igi mẹ́rin gbé ró lọ, ìkòkò èédú kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níbi tó ti ń mú irin gbóná láti fi jó òjé. Ẹni tó bá wá láti Soclogbo tàbí Kpingni pẹ̀lú rédíò tó ti gọ̀, ó máa ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tó gbé aláìsàn wá: "Ìgbà wo ló ti sọ̀rọ̀ kẹ́yìn? Ṣé ó máa ń kọ́kọ́ tutọ́?" Àwọn ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀ nítorí bẹ́ẹ̀.

Bàbá mi ní tirẹ̀, àgbẹ̀ ni, lábẹ́ òkè kan ní apá Tré. Mo ní láti sọ̀rọ̀ nípa ọkọ́ tó fi ń roko kí n tó tẹ̀síwájú, nítorí ọkọ́ yẹn ló bí gbogbo rẹ̀. Ní ìhà tiwa níbẹ̀, ìdílé kọ̀ọ̀kan ní àmì tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ gé sára ẹ̀rú ọkọ́, ìyẹn igi tí a ń dì mú. Nígbà àáró, tí àwọn àgbẹ̀ bá pawọ́ pọ̀ roko ẹnìkan, gbogbo ọkọ́ ni a máa ń kó jọ sí abẹ́ igi kan ní àkókò oúnjẹ, àmì yìí ni kì í jẹ́ kí ìjà ṣẹlẹ̀. Bí ẹ̀rú bá ṣẹ́, wọn kì í gé àmì tuntun. Wọ́n á rẹ́ pàlàpálá igi, ìyẹn awẹ́ pẹlẹbẹ tí àmì ti àtijọ́ wà lára rẹ̀, wọ́n á sì kàn án mọ́ ẹ̀rú tuntun. Mo rí ọkọ́ bàbá mi tí pàlàpálá tó wà lára rẹ̀ ti dàgbà ju èmi lọ, tó dúdú bí èédú lára igi funfun. Bàbá mi a máa sọ pé irin tó mọ ilẹ̀ ni ọkọ́. Ẹ̀wù lásán ni igi. Ẹni tó bá pààrọ̀ ẹ̀wù kò pààrọ̀ orúkọ.

Fáda ìjọ wa gba mikró kan láti òkè òkun. Kò ní okùn. Bí fáda bá fi sọ̀rọ̀ níbi pẹpẹ, ohùn rẹ̀ yóò fò gba inú afẹ́fẹ́ lọ sínú àpótí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, àpótí náà yóò sì gbé e jáde fún gbogbo ìjọ. Nínú mikró yìí ni ẹ̀rọ kékeré kan wà tí kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ, òun ló ń ta ohùn sí afẹ́fẹ́. Fáda mọ irú ìgbà tí a wà. Ó gbé e lọ sí ọ́fíìsì àwọn Póòsì ní Kútọnu fúnra rẹ̀, ìyẹn ilé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ rédíò. Wọ́n dán an wò níbẹ̀, wọ́n fún un ní àṣẹ, wọ́n sì lẹ irin pẹlẹbẹ kékeré kan tí a tẹ nọ́ńbà sí mọ́ ọn ní ikùn. Nígbà tó dé, ó gbé e sókè ní gbangba ìjọ kí a lè rí irin náà. Ó ní, "Ẹ má bẹ̀rù. Ìjọba mọ̀ ọ́n."

Ilẹ̀ olókùúta ló fọ́ ọ. Mikró bọ́ lọ́wọ́ akọrin kan, èèpo rẹ̀ sì fọ́ yángá. Fáda kó o sínú aṣọ ìnujú, ó gbé e wá sí ìsọ̀ wa.

Ọkọ mi tú u, ó wò ó, ó ní, "Ọkàn rẹ̀ ṣì ń lù, Fáda. Ara ló kú." Ó tún yí i wò lọ́wọ́. "Fáda, ẹ jẹ́ kí n má dá a padà sínú èèpo kékeré mọ́. Àwọn arúgbó tó wà lóko, àwọn aboyún, bàbá ìyàwó mi tí orúnkún kò jẹ́ kó gun òkè wá sí ilé ìjọsìn, gbogbo wọn ló ní rédíò. Bí mo bá fi ọkàn yìí sínú àpótí tó tóbi, tí mo fún un ní batirí alùpùpù, tí mo sì na wáyà gun orí àpáta, wọ́n á máa gbọ́ Mísà nínú ilé wọn."

Fáda wò ó. "Ṣé òfin kò ní bínú?"

"Òfin wo, Fáda? Ṣe bí ohun tí wọ́n fọwọ́ sí ní Kútọnu náà nìyí. N kò ní fi nǹkan kan kún ọkàn rẹ̀. Ilé ni mo fẹ́ kọ́ fún un."

Fáda rẹ́rìn-ín. "Bí onílé bá ti ní ìwé, kí a máa ṣí lọ."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn. Kò sí ẹni tó fẹ́ tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ọkọ mi fi pákó ìrókò kan àpótí. Ó tú àmpílí, ìyẹn ohun tó ń mú ohùn ròkè, nínú ẹ̀rọ àwo orin àtijọ́ kan, ó fi sí i. Ó wá yọ irin nọ́ńbà lára èèpo tó fọ́, ó nù ún, ó sì fi ìṣó wẹ́wẹ́ kàn án mọ́ iwájú àpótí, níbi tí ojú gbogbo ènìyàn yóò ti tètè rí i. Ó pè mí pé kí n wá wò ó. Ó ní, "Bí bàbá rẹ ṣe ń ṣe é nìyí, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Inú mi dùn pé ó mú àṣà ilé wa lò.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé Mísà àkọ́kọ́, bàbá mi fi igi tẹlẹ̀ wá sí ọjà pẹ̀lú iṣu lórí. Kò tíì sọ ẹrù tó fi ń pariwo. "Ọkọ ọmọ mi! Mo gbọ́ tí fáda wúkọ́! Nínú yàrá mi! Mo ní, 'Ẹ pẹ̀lẹ́, Fáda.' Ìyá ìyàwó rẹ ní mo ti ń ya wèrè."

Àlájì tó ń ta píìlì, ìyẹn batirí rédíò, ní ìsọ̀ kejì kò fẹ́ràn Mísà inú rédíò yìí tó bẹ́ẹ̀. Ó yọjú sí wa. "Àbúrò, fáda yín ò jẹ́ kí n gbọ́ ìròyìn lánàá. Mo yí rédíò sókè, mo bá a níbẹ̀. Mo yí i sísàlẹ̀, ó ti dúró dè mí. Ṣé tipátipá ló fẹ́ fi rì mí bọmi ni?"

Ọkọ mi ní, "Àlájì, ẹ jẹ́ kó gbàdúrà fún píìlì yín."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, Àlájì náà rẹ́rìn-ín. Mo ti ronú lórí ẹ̀rín yẹn púpọ̀.

Lọ́jọ́ ọdún ìjọ kan, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń fẹ́, ó sì ń gbé wáyà kúrò lórí àpáta. Èmi ni mo jókòó lẹ́yìn ilé ìjọsìn pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn mi, mo fi igi tẹ wáyà náà mọ́ òkúta. Akọrin ń kọrin nínú. Mo gbọ́ ìró jíìpù, n kò tilẹ̀ gbórí sókè. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni bàtà. Lẹ́yìn náà ni mo rí ẹnu ìbọn, ó tẹjú mọ́ mi láyà.

"Ju okùn yẹn sílẹ̀! Má mira!"

Bí mo ṣe lè ju nǹkan sílẹ̀ kí n má sì mira, n kò mọ̀. Igi bọ́ lọ́wọ́ mi. Orin dá nínú ilé ìjọsìn, kì í ṣe pé ó parí, ó dá ní àárín ọ̀rọ̀. Wọ́n tì mí wọlé. Kòmàndá àwọn jandáàmù, ìyẹn ọlọ́pàá ológun, dúró láàárín ọ̀nà, fìlà lórí, ó ń béèrè pé, "Ta ló ni ilé iṣẹ́ rédíò yìí?"

Kò sí ẹni tó mọ̀ pé ilé iṣẹ́ rédíò kan wà. Ọkọ mi bojú wẹ̀yìn láti wo ẹni tí wọ́n ń bá wí. Ìgbà tí kòmàndá na ọwọ́ sí àpótí pákó ni ó tó yé e. Mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà. Fáda ní, "Tèmi ni." Ọkọ mi ní, "Èmi ni mo ṣe é." Ní ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n sọ ọ́.

Ní bìrìgéèdì, ìyẹn àgọ́ àwọn jandáàmù, ni a ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní rédíò tiwọn tí wọ́n fi ń bá Kútọnu sọ̀rọ̀. Láàárọ̀ yẹn, iṣẹ́ kan ń bọ̀ wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá wọn, iṣẹ́ kánjúkánjú, ni orin Mísà bá dé bò ó mọ́lẹ̀. Wọn kò gbọ́ ìparí rẹ̀. Wọ́n ní ẹnìkan ló ń dí etí wọn kí ọ̀tá lè wọlé. Nígbà yẹn, bí wọ́n bá fi irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ gbé ènìyàn lọ sí Kútọnu, ẹbí rẹ̀ kì í mọ ẹni tí wọn yóò bi léèrè rẹ̀.

Wọ́n jẹ́ kí n lọ nítorí ọmọ ń ké. Wọ́n ní kí fáda má jáde kúrò ní míṣọ̀n. Ọkọ mi ni wọ́n tì mọ́lé. Àwọn Póòsì yóò rán tẹkinísíẹ̀n kan, ìyẹn onímọ̀ ẹ̀rọ, wá láti Kútọnu láti yẹ àpótí náà wò. Lẹ́yìn àyẹ̀wò rẹ̀ ni kòmàndá yóò pinnu bóyá ọkọ mi yóò bá ọkọ̀ rẹ̀ padà lọ.

Mo gbé oúnjẹ lọ. Jandáàmù tó wà lẹ́nu ọ̀nà ṣí abọ́ wò.

"Kámáráàdì obìnrin, kí ló wà níbí?"

"Iyán ni, ọ̀gá."

"Kò sí ọ̀gá mọ́. Kámáráàdì."

"Iyán ni, kámáráàdì ọ̀gá."

Ó bu òkèlè kan jẹ láti mọ̀ bóyá májèlé wà nínú rẹ̀, ó tún bu òmíràn nítorí ó dùn. Lẹ́yìn náà ló rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sọ fún mi pé, "Kì í ṣe àpótí yẹn ló ń bí kòmàndá nínú. Nọ́ńbà ìjọba tó wà lára rẹ̀ ni. Ó ní òpè lè kan àpótí, ṣùgbọ́n òpè kì í yọ èdìdì ìjọba kúrò lára ohun kan kó lọ kàn án mọ́ òmíràn."

Mo lọ sí Tré lọ́sàn-án gangan, mo sọ ọ́ fún bàbá mi bí mo ṣe gbọ́ ọ. Ó wo ọkọ́ rẹ̀ tó fara ti ògiri. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí sunkún.

Nígbà tí tẹkinísíẹ̀n dé, wọ́n gbé àpótí sí abẹ́ igi máńgòrò ní àgbàlá bìrìgéèdì. Ọjọ́ ọjà ni, ènìyàn ti dúró lẹ́yìn ọgbà. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni tẹkinísíẹ̀n náà, ó fi dígí sójú, kò bá ẹnikẹ́ni ṣàwàdà. Ó ní kí wọ́n na wáyà bó ṣe wà lórí àpáta gan-an. Ó gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n kan sórí jíìpù, ó so batirí mọ́ àpótí, ó sì ní kí ọkọ mi sọ̀rọ̀.

Ọkọ mi tẹ̀ ba, ó fi ẹnu súnmọ́ àpótí. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ọ̀kan, èjì. Ọ̀kan, èjì," bó ṣe máa ń ṣe ní ìsọ̀.

Tẹkinísíẹ̀n yí ẹ̀rọ rẹ̀. Ohùn náà jáde. "Ibi tí a fún un láṣẹ nìyí," ni ó sọ. Ó yí i síwájú jìnnà. Ohùn náà tún jáde, ó dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò. "Ibi yìí kì í ṣe tirẹ̀." Kò tíì ṣíwọ́ nígbà tí ohùn ọkọ mi kan náà ké jáde láti inú rédíò ọ́fíìsì kòmàndá, láti ojú fèrèsé, lẹ́yìn gbogbo wa: ọ̀kan, èjì.

Ọkọ mi yíjú sí fèrèsé náà. Ó ní, "Èmi kọ́."

Kò sẹ́ ẹ̀sùn. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ni ọkàn rẹ̀ kò gbà. Ó ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ọkàn rẹ̀, pé ibì kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ yẹn ń sọ̀rọ̀ sí.

Tẹkinísíẹ̀n pa àpótí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò le, bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ ilé ìwé ló ṣe sọ ọ́. "Ẹ̀rọ kékeré yìí kò ṣẹ̀. A dán an wò ní Kútọnu nínú awọ tirẹ̀, pẹ̀lú ìrù rẹ̀ tí kò gùn ju ìka lọ, pẹ̀lú píìlì kékeré tó ń jẹ. Odindi yẹn la fún láṣẹ. Ìwọ pààrọ̀ awọ rẹ̀, o na ìrù rẹ̀ dé orí òkè, o sì fún un ní oúnjẹ ẹṣin. Nǹkan mìíràn lo bí. Ẹni tó bá mú un wọ ara tuntun gbọ́dọ̀ gbé gbogbo ara tuntun náà wá fún wa kí a tún un dán wò. Àṣẹ kì í bá a ṣí lọ."

Ọkọ mi ní, "N kò mọ̀, kámáráàdì."

Kòmàndá ní, "O kò mọ̀. Èyí ńkọ́?" Ó fi ìka kan irin nọ́ńbà náà. "Ta ló kàn án síbí? Ìṣó mẹ́rin, ó gún régé. Bí kò bá ṣe láti tan aráyé jẹ, kí ló wà fún?"

Awakọ̀ tẹkinísíẹ̀n ti ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀. Mo rí àga tó ṣófo nínú rẹ̀.

Ìgbà náà ni ariwo sọ lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá mi ti wọlé, ọkọ́ ní èjìká, ó ń tiro bọ̀ wá láàárín àgbàlá. Gbogbo ìbọn ló gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Mo kígbe, "Bàbá, ẹ jù ú sílẹ̀!" Ó jù ú sílẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè.

Ó ní, "Kámáráàdì ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ wo ẹ̀rú rẹ̀. Igi tuntun ni. Pàlàpálá tí ẹ rí yẹn, ti bàbá mi ni. Bí ẹ̀rú bá ṣẹ́, a máa ń yọ àmì, a ó sì kàn án mọ́ òmíràn. Ilé mi ni ọmọ yìí ti rí i. Àmì onílé ni ó gbé síwájú, kò fi nǹkan pamọ́."

Kòmàndá ní, "Ta ló kọ́ ọ ní ohun tí ò ń sọ yìí?"

"Bàbá mi ni, kámáráàdì."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ọgbà, ó sì tètè dákẹ́. Kòmàndá rán jandáàmù sí ọjà pé kó gba ọkọ́ lọ́wọ́ àwọn ará Tré tó bá rí, kó má sì sọ ìdí rẹ̀. Àwa dúró. Ọmọ ń họ mí lọ́rùn, n kò lè gbọ́wọ́. Nígbà tí jandáàmù padà dé, ó da ọkọ́ sílẹ̀ lábẹ́ máńgòrò. Kòmàndá tẹ̀ ba, ó ń fi àtàǹpàkò kan pàlàpálá tó wà lára wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, igi dúdú lórí igi funfun, ìṣó mẹ́rin mẹ́rin.

Tẹkinísíẹ̀n yọ dígí ojú rẹ̀, ó nù ún. "Nígbà náà, nọ́ńbà wa ti di àmì ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀," ni ó sọ. Ó pa ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ dé fúnra rẹ̀, àga inú rẹ̀ ṣì ṣófo, ó sì wọlé jókòó sí iwájú.

Kòmàndá dìde. Ó ní òmùgọ̀ ni ọkọ mi, kì í ṣe ọ̀tá, àti pé kí ó dúpẹ́ pé òun mọ ìyàtọ̀. Ó ní kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ́ àpótí náà níwájú gbogbo ènìyàn. Ó fi bàtà ti ọkọ́ bàbá mi sọ́dọ̀ ọkọ mi. "Fi eléyìí."

Ìrókò le. Ọkọ mi ń sunkún, ó sì ń gbá a, títí pákó fi ya, tí àwọn nǹkan inú rẹ̀ fọ́n ká sínú iyanrìn. Nígbà tí ó gbá a kẹ́yìn, ẹ̀rú ọkọ́ ṣẹ́ kanlẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú irin ọkọ́ nìkan. A ti rìn dé ẹnu ọ̀nà kí n tó wẹ̀yìn wò.

"Bàbá, àmì náà ṣì wà nílẹ̀."

"Jẹ́ kó wà níbẹ̀."

"Bàbá, ó ti gba ọkọ mi là."

"Mo rí i. Ohun tí wọ́n fẹ́ torí rẹ̀ gbé e lọ náà ni. Máa rìn."

Ọkọ mi kò tún rédíò ṣe mọ́. Kẹ̀kẹ́ ló ń tún ṣe títí ó fi kú, kì í sì í sọ̀rọ̀ sókè níbi tí rédíò bá wà, kódà bí rédíò náà kò bá ní píìlì nínú. Ní apá Tré, kò sí ẹni tó pàṣẹ pé kí wọ́n má kan àmì mọ́, ṣùgbọ́n kí òjò ọdún tó tẹ̀lé e tó rọ̀, gbogbo wọn ti yọ ọ́. Mo wà níbẹ̀ ní àáró àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìyẹn, mo gbé oúnjẹ lọ. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, wọ́n dìde lọ sí abẹ́ igi, wọ́n sì dúró yí òkìtì ọkọ́ ká, àwọn àgbà ọkùnrin, wọ́n ń gbé ọ̀kan sókè, wọ́n ń dá a padà, wọ́n ń bi ara wọn léèrè pé tèmi dà.